Kí la ó pe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí á pe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C (hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò ń fà) ní "àyẹ̀wò ìdámọ̀ àrùn". Ó rọrùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, orúkọ yẹn yóò ṣi aláìsàn lọ́nà.

Ohun tí ara pèsè láti fi bá kòkòrò àrùn náà jà ni àyẹ̀wò yẹn ń wá, kì í sì í tán nínú ẹ̀jẹ̀ bọ̀rọ̀. Nínú 100 ẹni tí kòkòrò yìí wọ̀ lára, ara àwọn bíi 15 sí 45 á lé e jáde láìlo oògùn kankan. Síbẹ̀, àyẹ̀wò á ṣì máa ní òun rí nǹkan. Ẹni tó lo oògùn tó sì sàn pàápàá, bákan náà ni. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "àyẹ̀wò ipasẹ̀": a rí ipasẹ̀ olè lágbàálá, a ò tíì mọ̀ bóyá ó ṣì wà nínú ilé. Èyí tó ń wá RNA kòkòrò náà gan-an, ìyẹn èròjà àbínibí inú kòkòrò fúnra rẹ̀, kí á máa pè é ní "àyẹ̀wò kòkòrò".

Ẹ wo ọkọ tó lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ bímọ. Wọ́n gún un níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sínú ike pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ C àti T sí. Ó rí ilà níwájú C, àyà rẹ̀ já. Bẹ́ẹ̀, C yẹn ò kan jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C rárá, ó kàn ń fi hàn pé ike náà ṣiṣẹ́ ni. T ló yẹ kó wò. Bí ilà bá sì wà níwájú T, tí nọ́ọ̀sì ní "a ti dá àrùn mọ̀", ẹkún ló máa gbé lọ sílé, nígbà tó lè jẹ́ ipasẹ̀ lásán.

"Àyẹ̀wò ojú-ẹsẹ̀" tí ẹlòmíràn dábàá fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò lè ya àyẹ̀wò méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́, torí àyẹ̀wò kòkòrò náà ti lè yá báyìí. Ní 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ orí ìka, èsì á sì jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí kan.

Àyẹ̀wò kòkòrò tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti rí ipasẹ̀, láìpe aláìsàn padà, "àyẹ̀wò àtẹ̀lé" ló yẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ni kì í padà wá tí a bá ní kí wọ́n padà wá, oògùn tó ń wo ju 95 sàn nínú 100 sì wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ṣé "ipasẹ̀" yé yín bẹ́ẹ̀, àbí "nípasẹ̀" ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn?