LSD fún pickup tó ń fi ẹ̀yìn fà lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀: ṣé kí n rà á?

ÒpópóOko:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tacoma 2012 tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, kì í ṣe 4WD. Amọ̀ pupa ni ọ̀nà oko wa lápá Ìdànrè. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan á máa yí lásán nínú ẹrẹ̀, èkejì ò ní mira. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra báàkì-ásù tó ní LSD (limited-slip differential, difẹ́rẹ́ńṣà tó ń dín yíyí lásán ẹsẹ̀ kan kù) ní Ládípò, àbí kí òun kúkú wẹ́ẹ̀dì difẹ́rẹ́ńṣà (jíà àárín ásù tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ méjèèjì) náà pa. Ẹlòmíràn ní bọ́tìnnì LSD ti wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé òótọ́ sì ni pé LSD máa ń jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́?

BàbáJíà:
Difẹ́rẹ́ńṣà lásán, agbára kan náà ló ń pín fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ ló wá ń pinnu ohun tí èkejì máa rí gbà. Tí ti inú ẹrẹ̀ ò bá lè gbà ju 100 Nm (ìwọ̀n agbára ìyípo) lọ kó tó yọ̀, 100 náà ni ti orí ilẹ̀ líle máa rí, bẹ́ ẹ tilẹ̀ tẹná kanlẹ̀.

LSD oní-kílọ́ọ̀ṣì ní àwọn páálí irin pẹlẹbẹ tí sípíríǹgì fún pọ̀. Tí sípíríǹgì yẹn bá di 80 Nm mú, ẹsẹ̀ orí ilẹ̀ líle á rí bí 180. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún máa ń fún mọ́ra sí i bẹ́ ẹ ṣe ń tẹná. Oní-jíà bíi Torsen, ìlọ́po ló ń ṣe ní tirẹ̀: tó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, 100 inú ẹrẹ̀ á di 300 lọ́dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kan bá gbéra nílẹ̀ pátápátá, òdo lọ́nà mẹ́ta, òdo náà ni.

Ibẹ̀ ni háńbírèkì ti ń wúlò. Ẹ fà á díẹ̀. Tó bá di 150 Nm mú lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Torsen á fi 450 ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀, bíréèkì á jẹ 150 nínú rẹ̀, 300 á ṣẹ́kù láti ti ọkọ̀. Àwọn tó ń dán irú èyí wò pẹ̀lú difẹ́rẹ́ńṣà lásán, wọ́n kàn ń jẹ bíréèkì ni: 150 ló máa dé ẹsẹ̀ méjèèjì, 150 náà ni bíréèkì máa gbà padà.

Sípánà_Ọ̀sán:
Ẹ má tíì náwó rárá. Auto LSD ló wà nínú Tacoma yín. Kò sí páálí kankan nínú ásù. Bíréèkì ni kọ̀ǹpútà fi ń di ẹsẹ̀ tó ń yí lásán mú kí agbára lè ré kọjá sí èkejì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì VSC OFF (èyí tó ń pa ìrànlọ́wọ́ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀) lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kíá. Iná AUTO LSD á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ìyẹn á pa gbogbo ìrànlọ́wọ́ náà. Tí iná ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) bá ń tàn lójú yín báyìí, ẹ kọ́kọ́ tún sẹ́ńsọ̀ ṣe, torí kò ní ṣiṣẹ́ láìsí i. Tẹ́ ẹ bá lò ó pẹ́ jù, bíréèkì á gbóná, kọ̀ǹpútà á sì yọwọ́ títí yóò fi tutù.

Ọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀, òótọ́ ni. Táyà tó ń yí lásán kò lè di ilẹ̀ mú síwájú, kò sì lè dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí difẹ́rẹ́ńṣà lásán, ẹsẹ̀ tí kò yí yẹn gan-an ló ń di ìdí ọkọ̀ mú kó má wọ gọ́tà. LSD á mú méjèèjì yí pọ̀. Tí ọ̀nà bá dagẹ̀rẹ̀, ìdí á máa sọ̀ lọ síbi tó rẹlẹ̀. Pickup òfìfo ló burú jù.

Ní kọ́nà, tẹ́ ẹ bá rọra tẹná, imú ọkọ̀ á fẹ́ máa lọ tààrà, torí LSD ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òde sáré ju ti inú lọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, méjèèjì á já, ìdí á gbá síta. Tó bá ti gbá, ẹ rọra dín iná kù (ẹ má ṣí ẹsẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà), ẹ yí sítíárín síbi tí ìdí ń lọ, ẹ má fọwọ́ kan háńbírèkì, ẹ má sì tẹ bíréèkì. Jíà kejì sàn ju àkọ́kọ́ lọ lórí ẹrẹ̀. Ẹ di àpò iyanrìn mẹ́rin mọ́ orí ásù gan-an, kẹ́ ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù sí bíi 22 psi, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó dé orí títì. Táyà onígbàǹgbà tó ní eyín tún lágbára ju LSD tó wọ táyà tó ti fá lọ.

ÒpópóOko:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Wíwẹ́ẹ̀dì ńkọ́?

BàbáJíà:
Rárá o. Lórí títì, ẹsẹ̀ méjèèjì ò ní lè yí níyàtọ̀ mọ́: táyà á máa ha, sítíárín á le, ṣáàfù á sì já lọ́jọ́ kan tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀.

ÒróróDúdú:
Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra ásù, ẹ di ẹsẹ̀ kan mú kẹ́ ẹ yí i nígbà tí pínọ́ọ̀nù (jíà kékeré tó ń gbé agbára wọnú ásù) wà lófìfo. Tí èkejì bá yí sí apá kan náà, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń dì mú. Tó bá yí padà sódì, ó jẹ́ difẹ́rẹ́ńṣà lásán, tàbí LSD tí páálí rẹ̀ ti jẹ tán, tàbí Torsen. Ẹ ka iye eyín kíráùn (jíà ńlá tí pínọ́ọ̀nù ń yí) àti pínọ́ọ̀nù, kí ó bá ti yín mu, kẹ́ ẹ sì rí i pé ibi sẹ́ńsọ̀ ABS wà lára rẹ̀.

Ọ́ìlì jíà GL-5 tí wọ́n kọ LSD sí lára ni kẹ́ ẹ dà sí i. Ẹ kọ́kọ́ tú pílọ́ọ̀gì òkè kẹ́ ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀. Tí ti òkè bá kọ̀ tí ọ́ìlì sì ti tán, ọkọ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ kún un títí yóò fi máa ṣàn jáde lójú ihò òkè. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọkọ̀ bí nọ́ńbà 8 nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní pápá, jẹ́jẹ́, kí ọ́ìlì lè wọ àárín páálí. Tó bá ń gbọ̀n gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀ ní kọ́nà tó há lẹ́yìn ìyẹn, àfikún LSD (èròjà tó ń jẹ́ kí páálí rọra yọ̀ lára ara wọn) ò tó nínú ọ́ìlì. Tẹ́ ẹ bá dà á jù, páálí á máa yọ̀.

Táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ sáìsì kan náà, kí wọ́n sì jẹ bákan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ páálí á máa lọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kó wá ṣíná sínú jíà: ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ á wọ́ ọkọ̀ kúrò lórí jáàkì.