Iwin mi ń sunkún: ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o. Badagry la wà. Ọmọ mi yóò pé ọdún 7 ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ìpanu tó ń dẹ́rù bani ló ní òun fẹ́, bíi tàwọn ọmọ òyìnbó lọ́jọ́ Halloween. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan kéèkì ò sí nílé mi.

Mo gún bísíkíìtì, mo fi bọ́tà àti mílíìkì alágolo pò ó, mo ṣù ú rogodo, mo wá yí i nínú àgbọn rínrin. (Àgbọn ò wọ́n wa, ẹ ṣáà mọ Badagry.) Ó funfun bí iwin lóòótọ́! Ṣokoléètì ni mo fi ṣe ojú wọn. Bí wọ́n ṣe mú iná lọ báyìí, ojú ṣàn dé àgbọ̀n. Ìyá ọkọ mi wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ta ló na àwọn èyí?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi ṣe ojú tí kò ní yọ́? Mo tún fẹ́ fi agar-agar (èròjà láti ara ewéko òkun tó ń mú omi dì) ṣe jẹ́lì pupa bí ẹ̀jẹ̀, torí ìyẹn máa ń dì láìsí fíríìjì. Tí mo bá fi sóbò sè é, ṣé kíkan rẹ̀ ò ní dí i lọ́wọ́ àtidì? Ẹ má dárúkọ ẹ̀pà o, kì í bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lára mu. Ọjọ́ 6 péré ló kù.