Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ọgbà òdòdó sára ògiri inú ilé rí, kí ni ojú yín rí?

Ọmọ Aláké, Abẹ́òkúta: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Mo fẹ́ ṣe ọgbà òdòdó sára ògiri pálọ̀ mi, irú èyí tí ewéko bo ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè àjà. Mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ti ní in kí n tó náwó sí i.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ kú ìmúra. Èmi ni mò ń tọ́jú ọ̀kan ní yàrá ìgbàlejò iléeṣẹ́ kan. Ọ̀nà tí Patrick Blanc, onímọ̀ ewéko ará Faransé nì, ń gbà ṣe é ni àwọn tí ó kọ́ ọ tẹ̀ lé: férémù irin, ike pẹlẹbẹ lórí irin, aṣọ fẹ́ẹ̀tì ìlọ́po méjì lórí ike, a ó sì la àpò sára aṣọ náà láti ki gbòǹgbò ewéko bọ̀ ọ́. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀ rárá. Omi tí a po ajílẹ̀ mọ́ ni pọ́ǹpù ń gbé lọ sókè, tí ó sì ń gba inú aṣọ ṣàn wálẹ̀. Ó wu ojú púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tí àwọn ọ̀gá sì ní àwọn kò ní torí òdòdó tan jẹnẹrétọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kíá ni aṣọ náà ń gbẹ, nítorí kò sí iyẹ̀pẹ̀ tí yóò di omi mú de gbòǹgbò. Lásìkò ọyẹ́ kan, mo dé ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fọwọ́ kan ewéko fern tí ó wà lókè pátápátá, ewé rẹ̀ sì rún sí mi lọ́wọ́. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ọpọ́n tí omi ń kán sí, ṣì tutù yọ̀yọ̀ ní tiwọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí, ohun tí mò ń sọ ni pé kí ó wá ètò iná fún pọ́ǹpù kí ó tó wá òdòdó.

Àkànní: Ọ̀rọ̀ iná yìí gan-an ni, Ìyá Ìbejì.

Túndé, Àkúrẹ́: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí èmi kò fi lo fẹ́ẹ̀tì. Ìkòkò ike kéékèèké ni mo gbé kọ́ sára férémù, mo po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ háhá àgbọn àti èédú tí mo fọ́ wẹ́wẹ́, ọwọ́ ni mo sì fi ń bomi rin wọ́n. Ọjá ìkookò ni mo tò sókè, torí pé ó lè fara da ọ̀dá. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kò kàn mí. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ wúwo ju aṣọ lọ. Ara ògiri bulọ́ọ̀kù ni kí ẹ dè é mọ́, kì í ṣe ara pákó.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Túndé, báwo lo ṣe ń bomi rin ti òkè tí kì í kán sórí àga?

Túndé, Àkúrẹ́: Mo máa ń sọ wọ́n kalẹ̀ ni, mà. N óò kó wọn síta, n óò bomi rin wọ́n, omi á ro tán kí n tó dá wọn padà.

Ayálégbé Súrùlérè: Ẹ jọ̀ọ́, èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó gbé ilé yìí ṣáájú mi kan irú rẹ̀ mọ́ ògiri ṣinṣin. Nígbà tí a tú u, ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu dúdú, ọ̀dà ti ṣí, òórùn ọ̀rinrin sì gba gbogbo ilé. Èmi ni onílé ní kí n tún un kùn! Èrè wo ni ó ní tí ìkòkò òdòdó ojú fèrèsé kò ní?

Ọmọ Aláké, Abẹ́òkúta: Wọ́n ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́.

Dúró-Oríire, London: Ẹ má torí ìyẹn ṣe é. Inú ìwádìí NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti gbilẹ̀, inú àpótí tí a dé pa ni wọ́n sì ti ṣe é. Àtúnyẹ̀wò tí àwọn olùwádìí méjì, Cummings àti Waring, gbé jáde ní 2019 fi hàn pé kí ewéko tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde ń ṣe, a nílò ewéko 10 sí 1,000 lórí mítà kan níbùú lóròó ilẹ̀ ilé. Ẹ ṣí fèrèsé yín. Ní ti ògiri tí ó bu, a jẹ́ pé wọn kò fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn férémù nìyẹn. Ike tí Ìyá Ìbejì sọ ni kì í jẹ́ kí omi kan ògiri, ó sì yẹ kí afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lọ́dọ̀ wa níbí, oòrùn ni ìṣòro: bí ìgbà òtútù bá dé, pothos mi, ewéko kan tí ń fà, á máa nà gbọọrọ lọ sí ọ̀nà fèrèsé, ewé rẹ̀ á kéré, àwọ̀ ìyeyè ara rẹ̀ á sì máa pòórá. Iná LED tí mo gbé sí àjà, tí ó ń tàn fún wákàtí 12 lójúmọ́, ni ó mú un bọ̀ sípò.

Ayálégbé Súrùlérè: Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yé mi, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó iná wákàtí 12 l'Ékòó?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ yan ògiri tí ó sún mọ́ fèrèsé ńlá, ẹ kò ní nílò rẹ̀. Ní ti èrè tí ẹ béèrè, pálọ̀ tí kò ní àyè fún ìkòkò méjì nílẹ̀ lè gba ogún lára ògiri.

Màmá Kẹ́mi, Òṣogbo: Ẹ ò tíì mẹ́nu kan ọmọdé. Èròjà kan tí ń jẹ́ calcium oxalate wà nínú ewé pothos, philodendron àti peace lily, ó sì máa ń gún ẹnu bí abẹ́rẹ́. Ọmọ ọmọ mi já ewé pothos jẹ, ètè rẹ̀ wú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. A fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Spider plant àti Boston fern ni mo fi síbi tí ọwọ́ ọmọdé ń tó báyìí, nítorí àwọn wọ̀nyẹn kò ní májèlé.

Àkànní: Omi ńkọ́? Pupa ni omi kànga-dẹ̀rọ wa, ó sì ń dí ihò rọ́bà tí ń kán omi.

Túndé, Àkúrẹ́: Irin ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó sùn nínú dúrọ́ọ̀mù kí ìdọ̀tí pupa náà lè rọlẹ̀, kí ẹ sì bu ti òkè lò, tàbí kí ẹ máa gbe omi òjò. Ẹ fi àwọ̀n bo ojú dúrọ́ọ̀mù náà, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

Ọmọ Aláké, Abẹ́òkúta: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìkòkò bíi ti Bọ̀dá Túndé ni n óò ṣe, sára ògiri bulọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Màmá Kẹ́mi, ọmọ mi kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, nítorí náà pothos ń lọ sókè.