Ẹsẹ kan tí àwọn ìyá gbà lẹ́nu mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ìrírí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìpàdé òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi kan jọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ní àsìkò tí máńgòrò ti ń pọ́n. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdébìnrin tí a ń pè ní G.A. ni mo ti ń lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ni àkọ́kọ́ tí mo lọ gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀.

Kì í ṣe èmi ni wọ́n yàn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ni pásítọ̀ wa pè mí lórí fóònù pé ara ògbufọ̀ tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ kò yá, pé oníwàásù tí wọ́n pè kì í ṣe ọmọ Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi wàásù, àti pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Yorùbá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama láti ọdún 19 sẹ́yìn, iṣẹ́ náà kò lè nira fún mi. Mo gbà tayọ̀tayọ̀. Lóòótọ́ ni mo gbà pé kò sí ẹni tó tún yẹ kí wọ́n pè.

Bọ́ọ̀sì ìjọ wa gbéra ní Ìbàdàn ní agogo 12 ọ̀sán. Bí a ṣe kọjá Ọ̀yọ́ ni táyà ẹ̀yìn kan bẹ́, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fẹ́ dúró sí pẹ́, pẹ̀lú àwọn tírélà tó ń já bọ̀ láti òkè Ọya. A sọ̀kalẹ̀, a jókòó sábẹ́ igi kajú títí awakọ̀ fi pààrọ̀ táyà, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí a tó dé. Mo dárúkọ bọ́ọ̀sì yìí nítorí ẹnì kan tó wà nínú rẹ̀. Arábìnrin kan ni, èmi àti rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn kan náà ni a sì ń kọ, ṣùgbọ́n ọdún méjì ti kọjá tí a kò ti sọ ju “ẹ kú ọjọ́ ìsinmi” síra wa. Ọ̀rọ̀ owó àjọ ni. Èmi ni mò ń gba owó àjọ àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá nínú ìjọ wa. Òun ló kó ṣìkejì, lẹ́yìn tó kó o tán ni kò dá mọ́, owó oṣù tèmi ni mo sì fi dí àlàfo rẹ̀ títí tí àjọ náà fi yí po. Lábẹ́ igi kajú yẹn, ó jókòó sí apá ọ̀tún, èmi jókòó sí apá òsì.

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú lásán fún Onítẹ̀bọmi. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1898 wà, ibẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, pásítọ̀ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ bí Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ṣe gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850 pẹ̀lú èrò pé Ìgbòho lòun ń lọ, tí ogun kò sì jẹ́ kó kọjá, tó fi dúró sí Abẹ́òkúta fún ohun tó lé ní ọdún kan, tó ń kọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó kọ́ ilé ìsìn sí Ìjàyè ní 1854, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ogun fọ́ Ìjàyè ní 1862, àwọn ọmọ ìjọ tó ṣẹ́kù sì sá wá sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìgbàgbọ́ wọn. Ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Bowen ṣe jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ohun tí Bàbá tẹnu mọ́ jù ni ọdún kan àti ààbọ̀ tí òyìnbó yẹn fi jókòó sí Abẹ́òkúta bí ọmọ ilé ìwé, tó ń béèrè orúkọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá ọlọ́jà.

Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Àwa obìnrin 14 ti àwọn bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, a tẹ́ ẹní, a so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ fèrèsé. Ìṣirò tí àwọn ọmọ ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà ṣì wà lójú pátákó. Màmá kan láti ìjọ abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú tẹ́ ẹní tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Bíbélì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí: ó ti fi àǹkárá W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi, rán èpo sí i, ó fi òwú dúdú gán ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti ya, etí àwọn ojú-ewé sì ti di àwọ̀ ilẹ̀ níbi tí ìka ti ń ṣí wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ọmọbìnrin kan ló fi ń kà á. Ètè rẹ̀ ń mì, ìka rẹ̀ sì ń kan ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka owó tí kò fẹ́ kí ó dín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí agogo 8 tó lù, wọ́n ti bu àmàlà fún wa pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Ẹnu ya àwọn tó ti Èkó wá. Àwọn obìnrin tó ń dáná ní kí wọ́n má ṣe yà sí i, pé Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni wọ́n dé, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan.

Ìwàásù kejì láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ mi wà. Orí 15 ìwé Jòhánù ni oníwàásù mú, ọ̀rọ̀ àjàrà àti ẹ̀ka. Ọkùnrin tó mọ̀wàásù ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣàn, mo sì ń bá a lọ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í fún ènìyàn láàyè. Bí oníwàásù bá ti dákẹ́, etí gbogbo ilé ti wà lẹ́nu rẹ. Ó ń ti orí sọ Ìwé Mímọ́ láì ṣí i, nítorí náà èmi náà kò rí àyè ṣí tèmi. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹrin, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ yẹn, dídúró ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mo sì fi ohùn tó dájú sọ pé: “Ẹ dúró tì mí, èmi náà yóò sì dúró tì yín.”

Ilé náà pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan dìde láti apá òsì níbi tí àwọn ìyá jókòó sí, ohùn àgbàlagbà, tí kò le rárá: “Ẹ máa gbé inú mi.” Àwọn mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí n sì tó lè ṣe ohunkóhun, gbogbo apá ibẹ̀ ti jọ ń parí ẹsẹ náà pé “èmi ó sì máa gbé inú yín.” Wọn kò pariwo, wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe máa ń dáhùn nígbà tí a bá ka Orin Dáfídì ní àkàgbà ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo mọ ohùn àkọ́kọ́ yẹn. Màmá tó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni.

Oníwàásù bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ni wọ́n sọ. Mo ṣàlàyé fún un pé èmi ni mo ṣì í túmọ̀, pé mo ní kí a dúró ti Olúwa, àwọn ìyá sì sọ pé ohun tí Ìwé Mímọ́ wí ni pé kí a máa gbé inú rẹ̀, pé méjèèjì kò sì jọra lédè wa. Ó dákẹ́. Ó wá na ọwọ́ sí ojú fèrèsé. Igi máńgòrò ńlá kan wà níta níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti gé ẹ̀ka kan lára rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n lè rí àyè ta kánópì, wọ́n sì fi ẹ̀ka náà ti ìdí igi náà gan-an. Ewé rẹ̀ ti rọ, ó ti ká kò. Ó ní kí gbogbo wa wò ó. Ó ní, “Ẹ̀ka yẹn dúró ti igi. Kò sí ẹ̀ka tó tún sún mọ́ ọn tó o. Ṣùgbọ́n kò gbé inú rẹ̀ mọ́.” Ó pa ìwé tó wà níwájú rẹ̀ dé, ẹ̀ka yẹn ló sì fi wàásù títí tó fi parí.

Mo parí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àyà mi wúwo. Èmi tí mo ń fagi lé àṣìṣe àwọn ọmọ lójoojúmọ́! Odidi Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe akitiyan lé lórí jáde ní 1884. Ẹsẹ náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi, èmi kò sì lọ síbi tó wà, orí ara mi ni mo lọ. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò irú ìpàdé yìí máa fún ògbufọ̀ ní àwọn ẹsẹ tí oníwàásù yóò lò ní ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú. Ó sì yẹ kí a máa ka Bíbélì Yorùbá sétí àwọn ọmọ wa ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi, nítorí mo wo apá ibi tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí nígbà tí àwọn ìyá ń ka ẹsẹ yẹn, ẹnu wọn dákẹ́, ojú wọn sì wà lórí fóònù.

Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án, mo lọ bá Màmá, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe.” Ó fà mí jókòó. Ó ní òun kò lọ sí ilé ìwé rí. Lẹ́yìn tí òun bí ọmọ kẹta ni àwọn obìnrin ìjọ kó òun àti àwọn ẹlòmíràn jọ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń fi Bíbélì kọ́ wọn ní ìwé kíkà lábẹ́ àtùpà, orí 15 ìwé Jòhánù sì ni orí àkọ́kọ́ tí òun dá kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì sí ẹni tó ran òun lọ́wọ́. Ó gba odidi oṣù kan. “Mo ti ń gbé inú ẹsẹ yẹn tipẹ́, Tíṣà,” ohun tó sọ nìyẹn, ó sì bó máńgòrò kan fún mi.

Ìwàásù mẹ́rin ló wà lọ́jọ́ náà, ó pọ̀ jù. Nígbà tí ìkẹrin bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ti ń sùn lórí ìjókòó. Bí wọ́n bá tún ṣe é, kí wọ́n mú ọ̀kan kúrò, kí wọ́n fi kún àkókò tí a fi jókòó sábẹ́ igi, nítorí níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sọ ẹrù ọkàn wọn fún ara wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, oorun kò kùn mí. Ẹní mẹ́ta péré ló wà láàárín èmi àti arábìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń yí sí ọ̀tún, tó ń yí sí òsì. Mo rántí pé láti ọdún méjì ni èjìká wa ti ń kan ara wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan bí a bá dìde kọrin, tí a ń wo inú ìwé orin kan náà, mo sì rántí ẹ̀ka máńgòrò yẹn. Mo gbàdúrà, ṣùgbọ́n èmi kò dìde lọ bá a. Òtítọ́ ni kí n sọ, ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n dìde.

Òun ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ní nǹkan bí agogo 5 ìdájí, ó wà lórí mi pẹ̀lú korobá. Ó ní, “Mo ti bá yín fa omi. Ẹ tètè wẹ̀ kí èrò tó pọ̀ nídìí kànga.” Mo bá a jáde, a kò sì tíì dé balùwẹ̀ tí mo fi béèrè ohun tí ó yẹ kí n ti béèrè láti ọdún méjì, pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó gbé korobá sílẹ̀. Oṣù tó kó àjọ yẹn gan-an ni ọkọ rẹ̀ ṣubú níbi iṣẹ́, tí apá kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Owó àjọ, owó ọjà, gbogbo rẹ̀ bá ilé ìwòsàn lọ. Ojú ń tì í láti sọ, nítorí ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé mo pe òun ní olè. Irọ́ kọ́ ni. Mo sọ ọ́ lóòótọ́, nílé ara mi, lójú ẹni tí kò yẹ kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ níbi tí a dúró sí, òun náà sì bẹ̀ mí. Ilẹ̀ mọ́ bá wa nídìí kànga.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ṣí Bíbélì mi sílẹ̀ lórí pẹpẹ kí oníwàásù tó la ẹnu, nígbàkígbà tó bá sì dé ibi Ìwé Mímọ́, ó ń dúró kí n kà á jáde. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn tí ìjọ tó gbà wá lálejò ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ bọmi tò síwájú láti gba ọwọ́ ọ̀tún ìdàpọ̀, gbogbo wa sì bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá fi máńgòrò méje sínú ọ̀rá fún mi kí a tó wọkọ̀.

Bí a ti ń bọ̀ nílé, èmi àti arábìnrin náà jókòó ti ara wa nínú bọ́ọ̀sì, a sì fẹnu kò pé yóò máa san 3,000 náírà lóṣù títí gbèsè náà yóò fi tán. Ó ti san ti oṣù mẹ́ta. Ti oṣù kẹrin, mo ní kí ó fi ra oògùn ọkọ rẹ̀; èmi náà sì máa ń yà sí ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìdánrawò orin, mo ń ka Bíbélì sí ọkùnrin náà létí, nítorí ojú rẹ̀ kò ríwèé dáadáa mọ́.