Alárinà ni, kì í ṣe onílàjà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa láti Èbúté Mẹ́ta dábàá pé kí a máa pe ohun tí àwọn olùwádìí ìhùwàsí ènìyàn ń pè ní mediator lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ohun tó wà láàárín okùnfà àti àbájáde, tí ipa okùnfà ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ní "onílàjà" lédè Yorùbá. Màmá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní "alárinà" ló bá a mu, àmọ́ ọkàn wọn kò balẹ̀, nítorí pé bí ojú bá mojú tán, alárinà a yẹ̀bá, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí à ń wí yìí kì í yẹ̀bá.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ká ní a ń ṣèwádìí nípa àwọn olùkọ́ tó ń ti Kétu wá sí Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń dá wọn dúró lórí afárá Third Mainland, a sì rí i pé bí wákàtí tí wọ́n ń lò lójú ọ̀nà ṣe ń pọ̀ tó ni àṣìṣe wọn nínú ìwé máàkì ń pọ̀ tó. Bóyá ìrìnàjò ló ń jẹ oorun wọn, tí àìsùn sì ń fa àṣìṣe. Ká ní wákàtí kan lójú ọ̀nà ń gé oorun kù ní ìdajì wákàtí, tí wákàtí oorun kan tó bá sọnù sì ń fa àṣìṣe 4; 0.5 lọ́nà 4 jẹ́ 2. Àṣìṣe 2 yìí ló gba ọwọ́ oorun kọjá. Bí àpapọ̀ ipa bá jẹ́ 3, 1 tó kù ni ipa tààrà. Kò sí ìjà kankan níbí tí oorun fẹ́ là. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "alárinà", tí mo sì fẹ́ "ipa alárinà" ju "ipa àìtààrà" lọ, torí pé àìtààrà kàn ń sọ ohun tí ipa náà kì í ṣe, kò sọ ọ̀nà tó gbà.

Ní ti yíyẹ̀bá, kò ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ipa tààrà ni èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tí a bá di alárinà mú sójú kan nínú ìṣirò, bí ìgbà tí alárinà bá yẹ̀bá. Àwọn olùwádìí ìhùwàsí, Baron àti Kenny, kọ́ wa ní 1986 pé àpapọ̀ ipa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hàn kí a tó wá alárinà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùwádìí ti fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí, nítorí pé ipa méjèèjì lè dojú kọ ara wọn. Olùkọ́ tó ń tún máàkì rẹ̀ yẹ̀ wò nínú ọkọ̀ lè fi bẹ́ẹ̀ dín àṣìṣe kù, kí àìsùn sì dá a padà, kí àpapọ̀ wá di òdo.

Fún bootstrap, ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń wo bí èsì wa ṣe lè yí padà, tí onímọ̀ ìṣirò Efron gbé jáde ní 1979, mo dábàá "àṣàdápadà", nítorí pé ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí olùkọ́ bá jẹ́ 200, a ó ṣa orúkọ kan, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó dá a padà, títí 200 yóò fi pé. Ẹlòmíràn á jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlòmíràn kò ní jáde rárá. A ó ṣírò ipa alárinà, a ó tún bẹ̀rẹ̀, bóyá nígbà 5,000, a ó wá wo ibi tí ìdá 95 nínú 100 tó wà láàárín bọ́ sí. Bí òdo kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rí wà pé ipa náà wà. Ó sàn ju ìdánwò Sobel ti 1982 lọ, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń dán ipa alárinà wò, èyí tó kà á sí pé èsì ìsọdipúpọ̀ náà (bí 0.5 lọ́nà 4 ti òkè yẹn) tàn ká dọ́gba-dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nígbà tó sábà máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé "alárinà" ń sọ pé nǹkan kan fa òmíràn. Bí a bá béèrè nípa ìrìnàjò, oorun àti àṣìṣe lọ́jọ́ kan náà, ìṣirò kò lè sọ èyí tó ṣáájú. Ká tilẹ̀ ṣẹ́ gègé fún ẹni tí yóò rìn jìnnà, a kò ṣẹ́ gègé fún oorun: ọmọ ọwọ́ tó ń ké lóru lè gba oorun ìyá rẹ̀, kó sì tún pín ọkàn rẹ̀ níyà lẹ́nu iṣẹ́. Àṣàdápadà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún kò lè wo ìyẹn sàn. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí a kọ "alárinà àbá" fún èyí tí olùwádìí ṣì ń dábàá, kí a sì fi "alárinà" nìkan pa mọ́ fún èyí tí a ti wádìí ètò ìṣáájú rẹ̀ àti àwọn okùnfà tó fara pamọ́. Ọ̀rọ̀ kan rọrùn láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ju méjì lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ń lo àkọsílẹ̀ ìgbà kan ṣoṣo, "alárinà àbá" ló sì tọ́ sí wọn.