Hosting wo ló dáa fún podcast, kí ló sì yẹ ká yẹ̀ wò ká tó sanwó?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí iṣẹ́ yìí. Podcast tuntun la fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bíi wákàtí kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn hosting (ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú fáìlì ètò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì) kan jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn kan ń gbowó lórí ààyè, àwọn mìíràn lórí iye wákàtí. Kí ni ká fi yan ọ̀kan? Àbí ká kúkú kó fáìlì náà sórí wẹ́ẹ̀bù tiwa?

Èsì 1
Ẹ má tíì wo owó. Àdírẹ́sì feed RSS yín (fáìlì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó to gbogbo ètò yín lẹ́sẹẹsẹ) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, torí òun ni Apple Podcasts, Spotify àtàwọn áàpù yòókù ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ̀ pé ètò tuntun ti jáde. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kúrò, tí hosting ò bá fi redirect 301 (ìdarí tó ń gbé áàpù lọ sí àdírẹ́sì tuntun) sórí àdírẹ́sì àtijọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé yín lè dúró sórí feed àtijọ́, wọn ò ní rí ètò tuntun mọ́. Kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa kàn sí wọn, torí ẹ ò mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ ìmeèlì sí wọn: ṣé wọ́n ń ṣe redirect 301 fún oníbàárà tó ń lọ, fún ìgbà wo sì ni? Apple ní kó má dín ní ọ̀sẹ̀ 4. Lójú tèmi, ọdún kan ló dáa. Èyí tó bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbà kí feed wà lórí dómẹ́ènì (orúkọ wẹ́ẹ̀bù) tiyín, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èsì 2
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ààyè. MP3 mono (ohùn ojú ọ̀nà kan) ní 64 kbps (ìwọ̀n dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí kan jẹ́ bíi MB 29. Stereo (ojú ọ̀nà méjì) ní 128 kbps jẹ́ bíi MB 58. Mono tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ètò 52 lọ́dún ò sì ní ju GB 1.5 lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ wákàtí ni wọ́n ń kà, kẹ́ ẹ dín fáìlì kù ò ní dín owó kù. Ní ti ọ̀fẹ́, ẹ wò ó dáadáa: ọ̀fẹ́ ti Buzzsprout (hosting kan), fún àpẹẹrẹ, kì í tọ́jú ètò kọjá ọjọ́ 90.

Wẹ́ẹ̀bù tiyín ńkọ́? MB 29 fún ẹgbẹ̀rún èèyàn jẹ́ GB 29, púpọ̀ nínú wọn ló sì máa ń rọ́ dé láàárín wákàtí mélòó kan tí ètò bá jáde. Sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù) tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò kì í sábà gbé e. Apple tún fẹ́ kí sáfà lè fi fáìlì ránṣẹ́ ní ìpín ìpín. Ẹ lo `curl -I` (àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀ nínú terminal kọ̀ǹpútà láti rí ìsọfúnni nípa fáìlì) lórí àdírẹ́sì MP3 náà. Tẹ́ ò bá rí `Accept-Ranges: bytes`, ìyẹn àmì pé sáfà ń ṣe ìpín ìpín, ẹ má lò ó.

Èsì 3
Mo fara mọ́ Èsì 1, àmọ́ redirect nìkan ò tó. Ètò kọ̀ọ̀kan ní GUID (àmì ìdánimọ̀) tiẹ̀ nínú feed. Tí hosting tuntun bá yí i padà, àwọn áàpù á rò pé tuntun ni gbogbo ètò àtijọ́, wọ́n á sì tún wọn gbé jáde fáwọn èèyàn. Ẹ ṣí feed méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ wá `<guid>` ètò kan náà, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́tà sí lẹ́tà kẹ́ ẹ tó tan redirect. Tí `podcast:locked` (àmì inú feed tó ń ní kí hosting mìíràn má kó o) bá wà ní "yes", ẹ yí i sí "no", bí bẹ́ẹ̀ kọ́, hosting tuntun lè kọ̀ láti kó o.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ọ̀kan: iye olùgbọ́ tí hosting kọ̀ọ̀kan ń kà, ṣé ó ṣe é gbára lé?

Èsì 2
Ẹ béèrè bóyá ìlànà IAB (àjọ ìpolówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni wọ́n ń tẹ̀lé. Lábẹ́ ẹ̀, áàpù kan náà lórí IP (nọ́ńbà ìdánimọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì) kan náà láàárín wákàtí 24 jẹ́ ẹyọ kan fún ètò kan, ohùn tí áàpù náà gbà wọlé ò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí kò bá tẹ̀lé e lè ka ìpín fáìlì kọ̀ọ̀kan bí olùgbọ́ tuntun.