“Ìsopọ̀” kò bá a mu

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí a máa pe ìwádìí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, èyí tó ń wo bí sẹ́ẹ̀lì iṣan àti ọpọlọ ṣe ń bá ike, irin àti sílíkọ́nì gbé, ní “ìsopọ̀ iṣan mọ́ ohun àtọwọ́dá”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tako yín díẹ̀.

“Iṣan” ná. Ní ilé ìwòsàn níbí ní Kubwa, nọ́ọ̀sì á so rọ́bà mọ́ni lápá, á máa fi ìka gbá a, á ní òun ń wá jijiya, bí àwọn Hausa ṣe ń pe iṣan. Yorùbá tó jókòó síbẹ̀ á fèsì pé iṣan òun kì í tètè yọ. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n jọ ń sọ. Síbẹ̀, jijiya àti iṣan náà la tún ń pe èyí tó ń ti ọpọlọ gbé àṣẹ lọ sí ẹsẹ̀. Lẹ́nu, kò sí wàhálà. Nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, wàhálà ńlá ni. “Iṣan ìmọ̀lára” táwọn kan dábàá kò tó, torí èyí tó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ kì í mọ nǹkan kan lára, iṣẹ́ ló ń jẹ́. “Iṣan ajíṣẹ́” ni tèmi, kí ẹyọ rẹ̀ sì jẹ́ “sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́”.

“Ìsopọ̀” gan-an ló ń bí mi nínú. Sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́ kì í dédé lẹ̀ mọ́ díńgí nínú láàbù. Polylysine, èròjà kan tó ń mú sẹ́ẹ̀lì lẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi pa díńgí náà lára: iná ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ti àmì ìyọkúrò, ti polylysine jẹ́ ti àmì ìròpọ̀, ni wọ́n bá fa ara wọn mọ́ra. Inú ọpọlọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, sílíkọ́nì sì fi ju ìlọ́po mílíọ̀nù kan le jù ú lọ. Bí a bá ti ń mí, tí ọkàn ń lù, ni ọpọlọ ń mì díẹ̀díẹ̀. Abẹ́rẹ́ sílíkọ́nì tí wọ́n gún sínú rẹ̀ láti fi gbọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì kò bá a mì. Astrocyte àti microglia, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́jú ọpọlọ tó sì ń gbèjà rẹ̀, á wá yí abẹ́rẹ́ náà ká, àpá á dì síbẹ̀, ohùn tí ẹ̀rọ ń gbọ́ látinú àwọn sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́ á sì máa lọ sílẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ibo ni ìsopọ̀ wà níbẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi PEDOT bo ojú iná, ìyẹn irin tó wà lára abẹ́rẹ́ náà tó ń gba iná sẹ́ẹ̀lì. Ike tó ń gbé iná ni, ọ̀kan lára irú èyí tí iṣẹ́ lórí wọn fún Heeger, MacDiarmid àti Shirakawa ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000.

Ẹ jẹ́ ká lo “ìfarakanra”. Ẹlòmíì á ní ó ń rán òun létí Ebola ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ń kìlọ̀ pé ká má fara kan aláìsàn. Kò burú, ara méjì ló pàdé, tí èkíní ń ṣe nǹkan sí èkejì.

Ní ti “àtọwọ́dá”, pílátínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ojú iná ẹ̀rọ etí tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbìn síni lára, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Ara kì í bèèrè ẹni tó ṣe nǹkan. Bóyá àjèjì ni ló ń wò. Mo dá “ìfarakanra iṣan ajíṣẹ́ àti ohun àjèjì” lábàá. Ẹ gbé e sínú gbólóhùn méjì mẹ́ta, kí ẹ sọ ibi tó ti há yín lẹ́nu.